Ẹ Má Ṣí Rédíò Náà

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Ìgándó.
9 oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Hamdalah, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Zikrullah ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òtútù ìlú Derby kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gún yín léegun? Àwa níhìn-ín wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ṣì ń lọ sí ọjà Shasha lójoojúmọ́. Ẹ̀wà ló ń tà báyìí, ó ní gàrí kò lérè mọ́.

Rédíò ọkọ̀ tí o rà fún mi ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́ gidigidi. Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ. Ṣóbọ̀wálé, rewáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ló bá mi so ó mọ́ inú Camry mi. Ó rẹwà lójú. Gbogbo ẹni tó bá yọjú sínú ọkọ̀ ló ń béèrè ibi tí mo ti rí i.

Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré. Má jẹ́ kó dùn ọ́, òótọ́ ni mo ń sọ. Mo yí i títí ó fi dé òpin, síbẹ̀ ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ìbòrí bo ẹnu. O mọ̀ pé kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń tún rédíò ṣe ní Ìkọ̀tun. Tí wọ́n bá gbé rédíò dé iwájú mi, etí ni mo fi ń mọ àrùn ara rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ańpù inú eléyìí, tó ń gbé ohùn sókè, ni kò lágbára.

Mo fẹ́ ṣí i. Wáyà kan péré ni mo fẹ́ fà jáde láti inú rẹ̀, kí n so ó mọ́ ańpù mìíràn tí èmi fúnra mi tò, kí n wá gbé sípíkà kan sí ẹ̀yìn orí àga tí mo ń jókòó sí. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Àmọ́ mo rí bébà kékeré kan tó ń dán, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé bó bá ti ya, wáráńtì rẹ̀ ti parí. Ìwọ lo fowó rẹ rà á, ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Rédíò yìí ṣe pàtàkì sí mi. Láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń tún rédíò ṣe mọ́, àwọn ọmọ iléèwé ni mo ń kó láti Ìgándó lọ sí Ẹgbẹ́dá láàárọ̀, tí mo tún ń kó wọn bọ̀ lọ́sàn-án. Ìròyìn ni mo fi ń mú ọ̀nà yẹn kúrú.

O tún ń bínú pé n kò gbé fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa kò dára. Lẹ́tà ni mo fẹ́ràn. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Ìwọ náà kọ tìrẹ ránṣẹ́.

Bàbá rẹ tí kì í jí kó má dárúkọ rẹ níwájú Ọlọ́run,
Múdàṣírù Ọláníyan.


Derby.
12 oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Màmá ńkọ́? Zikrullah ní kí n kí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí rédíò náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ má ṣí i, ẹ má jẹ́ kí Ṣóbọ̀wálé ṣí i, ẹ má tilẹ̀ fi èékánná kan bébà yẹn.

Bàbá, ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Ilé ìtajà tí mo ti ra rédíò yẹn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi gan-an ni mo máa ń jókòó sídìí káńtà tí àwọn oníbàárà ń kó ọjà tó bàjẹ́ wá. Kí n tó kí wọn tán, mo ti yí rédíò dojú bolẹ̀, mo ti wo bébà yẹn. Bó bá ti ya, mo máa dá a padà fún wọn ni, kí wọ́n bú mi kí wọ́n sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn. Bí kò bá ya, wọ́n máa pààrọ̀ rédíò náà láàárín ọdún méjì láìgba kọ́bọ̀.

Òfin wọn ò kan ọjà tó ti jáde kúrò nílùú yìí, ṣùgbọ́n mo máa bẹ ọ̀gá mi. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ yìí ló dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé wọn ni mo fi ń gbé ìlú yìí. Bí orúkọ mi bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló lọ, ẹsẹ̀ èmi àti ọkọ mi ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ fi rédíò sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ti fóònù ńkọ́? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Màmá fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí tiyín ni? Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí wọ́n gbé e fún yín, ẹ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, tàbí ẹ ń wẹ̀, tàbí ẹ ń sùn. Èmi nìkan lẹ bí. Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́.

Ọmọ yín,
Hamdalah.


Ìgándó.
16 oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Hamdalah,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo tún un kà. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ.

Èmi ni wọ́n ń pàṣẹ fún pé kí n má fi èékánná kan rédíò. Ó dáa. Nígbà tí mo wà ní Ìkọ̀tun, àwọn ọlọ́pàá ń gbé tiwọn wá, ìmáàmù ń gbé tirẹ̀ wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé gbohùngbohùn wọn wá. Kò sẹ́ni tó fi bébà dí mi lọ́nà. Rédíò tí a rà, tí a kò gbọdọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ta ló ni ín? Ṣé àwa ni àbí ẹni tó tà á? Àgbàlagbà kì í rí irú èyí kó má rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi lo jẹ́, n kò ní fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. N kò ní ṣí i. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ kíákíá.

Ṣóbọ̀wálé ní ohùn rédíò náà dára, ó ní ó tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣóbọ̀wálé kò lè rí ọjà òyìnbó kó má yìn ín.

Ti fóònù yẹn, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ jàre. Ẹni tó kọ lẹ́tà sí ọ kò pa ọ́ tì.

Bàbá rẹ,
Múdàṣírù.


Derby.
27 oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi dúpẹ́, ọ̀gá mi ti gbà.

Kò rọrùn. Ó kọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló yẹ rédíò náà wò tí mo fi mọ̀ pé ańpù inú rẹ̀ ni kò dára. Mo ní bàbá mi ni. Mo sọ fún un pé rédíò títúnṣe lẹ fi tọ́ mi, pé mo máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì yín ní Ìkọ̀tun, tí ẹ máa ń di ojú yín, tí ẹ máa gbé etí sún mọ́ rédíò, tí ẹ sì máa sọ ohun tó ń ṣe é láìṣí i. Mo sọ fún un pé etí bàbá mi kì í ṣìnà. Bàbá, àfi bíi pé mò ń ki oríkì yín ni. Orí mi wú.

Ọ̀gá mi obìnrin náà gbà mí gbọ́ débi pé ó ní kí wọ́n kó gbogbo rédíò tó bá tiyín dé kúrò lórí pẹpẹ. Wọn ò tà wọ́n mọ́ títí wọn á fi yẹ̀ wọ́n wò. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹnikẹ́ni ò ṣí rédíò yín, mo sì fọwọ́ sí i lójú ẹ̀.

Ohun tó kù ni pé rédíò yín gbọ́dọ̀ padà wá síbí, kí wọ́n rí i bó ṣe wà. Charity tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí, ilé ìyá rẹ̀ wà ní Akowonjo. Ó ń mú tuntun bọ̀ fún yín. Kí Màmá yà síbẹ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀ láti Shasha, kí wọ́n gba tuntun, kí wọ́n fún un ní ti àkọ́kọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ya ẹ̀yìn rédíò náà ní fọ́tò kí n rí bébà yẹn, kí ọkàn mi balẹ̀.

Hamdalah.


Derby.
11 oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá,

Mo kí yín. Mi ò lè kí gùn lónìí.

Ẹ ti ka lẹ́tà mi. Àmì búlúù méjì wà lára ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ ò fèsì. Fọ́tò tí mo ní kí ẹ yà, ẹ ò yà á. Mo pè, ẹ ò gbé e. Ẹ ti wá di asọ̀rọ̀mágbèsì bíi rédíò fúnra ẹ̀.

Charity ti padà dé. Ó ní Màmá wá sí Akowonjo, wọ́n gba rédíò tuntun, wọ́n dúpẹ́, ọwọ́ wọn sì ṣófo. Nígbà tó béèrè ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má tíì gbé e. Ọ̀gá mi bi mí lánàá pé rédíò dà. Mo ní ó ń bọ̀. Ó tún bi mí láàárọ̀ yìí, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ojú tó fi wò mí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí èmi náà fi máa ń wo àwọn oníbàárà tó ń parọ́ ni.

Bàbá, ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ ti ṣí i, àbí ẹ ò tíì ṣí i? Ẹ̀ẹ́n tàbí rárá ni kí ẹ kọ. Mi ò fẹ́ òwe.

Hamdalah.


Ìgándó.
14 oṣù Kẹwàá, 2024.

Hamdalah,

Ẹ̀ẹ́n. Mo ti ṣí i.

Kí lẹ́tà kejì rẹ tó dé ni. Mo ti sọ fún ọ pé n kò ní ṣí i, ó sì wà lọ́kàn mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ yẹn, tí mo ń yí i dé òpin, tí ó ń kùn bí ẹ̀fọn. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo kírun tán, ọwọ́ mi kò gbà á mọ́. Mo fi abẹ gbígbóná gbé bébà náà díẹ̀díẹ̀ kó má baà ya. Ó ya. Mo gbìyànjú láti lẹ̀ ẹ́ padà, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ti yọ sí abẹ́ rẹ̀ ní funfun pé wọ́n ti ṣí i. Ìdí tí n kò fi ya fọ́tò nìyẹn. Ojú ń tì mí ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá nínú rẹ̀. N kò bá nǹkan kan. Mo fi tẹ́sítà kan gbogbo ibi tí iná ń gbà, ó péye. Mo kan ẹnu ańpù, ó péye. Kò sí ibi tó jó, kò sí ibi tó sán. Iṣẹ́ wọn mọ́. Mo wá ṣe bí mo ṣe sọ, mo fa wáyà jáde, mo so ó mọ́ ańpù mi, mo gbé sípíkà sẹ́yìn orí mi. Ìgbà náà ni mo tó ń gbádùn ìròyìn. Àwọn ọmọ tí mo ń kó kàn ń fi ìka di etí ni. Ọmọ ayé òde òní, wọn ò lè fara da nǹkan kan.

Mo ní kí ìyá rẹ má gbé ti àkọ́kọ́ lọ torí pé ó ti ya. Ẹ̀bi mi ni, n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Mo gbé tuntun tí Charity mú wá sínú ọkọ̀, mo gbọ́ ọ. Òun náà kò lóhùn. Ohun kan náà ni. Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti tàn wọ́n jẹ. Méjèèjì ló bàjẹ́. Bí ó bá rí ìyẹn, kò ní ráyè béèrè bébà lọ́wọ́ rẹ.

Bàbá rẹ.


Derby.
15 oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀, mo kà á ní ibi iṣẹ́. Mo dìde, mo mú irú rédíò kan náà nínú àwọn tí wọ́n kó kúrò lórí pẹpẹ, mo so ó mọ́ iná, mo yí i dé ààbọ̀ péré. Ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì wá kan ilẹ̀kùn pé kí ni mò ń ṣe.

Rédíò méjì, àìsàn kan náà. Tẹ́sítà ní ara ti àkọ́kọ́ le. Ṣóbọ̀wálé ní ohùn ẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn ọmọdé ń fi ìka di etí. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí gbogbo nǹkan bá péye nínú rédíò tí kò sì sọ̀rọ̀, kí èèyàn lọ wá ohun tó ń ṣe é níta.

Mo pe Màmá. Mo ní, "Ṣé bàbá ń gbọ́ràn?" Wọ́n ní, "Ó ti tó ọdún kan báyìí." Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n yín ń ji ará ilé kejì. Wọ́n ní tí ẹ bá ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí, ẹni tó wà níwájú yín lẹ máa ń wò kí ẹ tó mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀. Wọ́n ní ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún mi, torí náà ni wọ́n ṣe ń dáhùn fóònù fún yín. Inú bí mi sí àwọn náà, mo sì sọ fún wọn.

Mi ò bínú nítorí rédíò mọ́. Ta ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín? Ọmọ ọlọ́mọ márùn-ún. Tí tírélà bá fọn fèrè lójú ọ̀nà Ìdímù, kí lẹ máa fi gbọ́? Ańpù tí ẹ gbé sẹ́yìn orí? Ẹ má kó wọn lọ́la. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn òbí wọn lónìí, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò etí ní ilé ìwòsàn. Màmá á tẹ̀ lé yín.

Ní ọjọ́ Ajé, màá sọ òótọ́ fún ọ̀gá mi. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n kó ọjà tó dára sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Hamdalah.


Ìgándó.
20 oṣù Kẹwàá, 2024.

Hamdalah,

O kò kí mi dáadáa nínú lẹ́tà tó kọjá, n kò sì bá ọ wí. Inú ń bí ọ. Inú ń bí èmi náà.

Kí ni mo ṣe fún ìyá rẹ tó fi tú mi síta? Àgbà kan kì í gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ, ṣé ìyẹn ni pé etí rẹ̀ ti kú? Mo ń gbọ́. Tí èèyàn bá kọjú sí mi, tó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, mo ń gbọ́. Àwọn tó ń fọhùn sínú ikùn ni n kò gbọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi, o kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Má sọ ọ̀rọ̀ etí yìí fún ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé èmi ni mo ba rédíò náà jẹ́. Sọ pé bàbá rẹ jẹ́ aláìmọṣẹ́ kan ní Ìgándó tó fi abẹ ya ohun tí kò yé e. Kó bú mi. Òyìnbó kò mọ̀ mí, èébú rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ síbì kankan pé etí Múdàṣírù ti lọ. Etí ni mo fi ṣiṣẹ́, etí ni mo fi fẹ́ ìyá rẹ, etí ni mo fi rán ọ lọ sí iléèwé. Bí etí yẹn bá ti lọ, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí ní Ìkọ̀tun?

Ti àwọn ọmọ iléèwé, ojú mi mú, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi mọ́, láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kó wọn, ọkọ̀ mi kò fara kan ògiri. Màá kó wọn parí sáà yìí. Ìgbà náà ni a ó sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ lónìí, inú ilé ni màá jókòó sí, tí màá máa wo ẹnu ìyá rẹ bóyá ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju tírélà lọ. Mo ti sọ ọ́ fún ọ báyìí, má jẹ́ kí n tún un sọ.

Bàbá rẹ ni mí síbẹ̀.


Ìgándó.
8 oṣù Kọkànlá, 2024.

Àníkẹ́ mi,

Àsàlámù àláékúmù. Mo kí ọ, mo kí Zikrullah. Mo mọ̀ pé o kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì dá ọ lóhùn. N kò rí ọwọ́ kọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àwọn ọmọ dé ẹnu géètì iléèwé wọn ní Ẹgbẹ́dá. Jésùtóbi ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn, ọmọbìnrin Arábìnrin Olúfúnkẹ́, aládùúgbò wa tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ilẹ̀kùn ti pa dé mọ́ okùn báàgì rẹ̀, báàgì sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Mo wo gíláàsì, n kò rí i torí ó kúrú, ó sì ti sún mọ́ ara ọkọ̀. Mo gbéra. Ó pariwo. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo ènìyàn ló pariwo. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn orí mi, bí mo ṣe tò ó, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ọkùnrin kan bẹ́ síwájú ọkọ̀ tó ń ju apá ni mo tó tẹ bíréèkì.

Ọmọ náà wà láàyè. Jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí àyà rẹ má baà já. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́, orúnkún rẹ̀ sì bó. Èmi ni mo gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó ń sunkún lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, kò sí ohun tó ń wọ etí mi nínú ẹkún náà. Hamdalah, àyà mi là.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pé jọ sí ilé Olúfúnkẹ́. Ṣóbọ̀wálé wá pẹ̀lú mi. Ó ti sọ fún wọn kí n tó débẹ̀ pé òun mọ ọkọ̀ mi dáadáa, pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ti bàjẹ́ tipẹ́. Ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni. Ìyá ọmọ náà ti fẹ́ gbà á gbọ́, ó tilẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún, pé kò sí ẹni tí irin kì í já kulẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Mo ní, "Ilẹ̀kùn kò ṣe nǹkan kan. Etí mi ló ti lọ. N kò gbọ́ igbe ọmọ yín, mo sì ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o ní sáà yìí pé n kò gbọ́ràn mọ́."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Tàbí bóyá wọ́n sọ ọ́ tí n kò gbọ́. Olúfúnkẹ́ dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé orí tábìlì wọn. Wọ́n dá a padà lọ́jọ́ kejì láti ọwọ́ ìyá rẹ, ó sì ti fi í pamọ́ fún mi, n kò sì béèrè ibi tó fi í sí. Àwọn òbí yòókù ti wá ọkọ̀ mìíràn. Àwọn kan ṣì ń kí mi. Olúfúnkẹ́ kò tíì kí mi, n kò sì rò pé ó yẹ kó kí mi.

Mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Etí ọ̀tún ti lọ pátá, ti òsì ṣẹ́ ku díẹ̀. Wọ́n ní wọ́n lè fún mi ní ẹ̀rọ tí màá fi sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ kò ní padà.

Sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ, bí o kò bá tíì sọ ọ́. Sọ gbogbo rẹ̀, àti ti etí. Mo yọ̀ǹda.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Láti ọdún kan yìí, nígbà tí mo bá ṣèèṣì gbé fóònù rẹ torí pé ìyá rẹ kò sí nílé, tí mo ń dá ọ lóhùn pé mo gbọ́, n kò gbọ́. Mo kàn ń ṣe àdúà sí i, mo ń rò pé àdúà kì í ṣìnà. Tí ohun pàtàkì kan bá wà nínú ohun tí o sọ fún mi nígbà náà, jọ̀ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ kí n kà á.

Bàbá rẹ,
Múdàṣírù.


Derby.
10 oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ọlọ́run á wo ọwọ́ Jésùtóbi sàn. Mo ti kọ̀wé sí Arábìnrin Olúfúnkẹ́ fúnra mi.

Mo ti sọ òótọ́ níbí. Wọn ò lé mi. Wọ́n ti kó rédíò wọn padà sórí pẹpẹ, wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì gbé mi kúrò nídìí káńtà lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń to páálí. Ọ̀gá mi ò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà tí ìwé ìgbélùú mi bá fẹ́ tún ṣe ni màá tó mọ bóyá wọ́n ṣì fẹ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mò ń sùn.

Ẹ ní kí n kọ ohun pàtàkì tí mo bá sọ lórí fóònù. Ọ̀kan wà. Mi ò fẹ́ kọ ọ́, mo ti kọ ọ́ mo ti pa á rẹ́ láti àná.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ní ọ̀sẹ̀ tí rédíò tẹ̀ yín lọ́wọ́, mo pè ní ọ̀sán. Màmá wà ní Shasha, ẹ̀yin lẹ gbé e. Mo sọ fún yín pé mo lóyún. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni torí pé wọ́n ní a kì í sọ ọ́ kó tó hàn, àní mi ò tíì sọ fún Màmá. Mo wá sọ fún yín pé oyún náà ti wálẹ̀, pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ti ń pè yín. Mo ní kí ẹ bá mi sọ fún Màmá torí pé mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ní, "Mo ti rí i gbà, Alhamdulillahi. Ó dára púpọ̀, ó wù mí."

Ọ̀rọ̀ rédíò lẹ rò pé mò ń sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ báyìí ni. Nígbà náà, mo pa fóònù, mo kọjú sí ògiri. Mo dúró de Màmá kí wọ́n pè mí, wọn ò pè. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín dé pé ohùn rédíò kéré. Gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí mo kọ sí yín láti ìgbà yẹn, kì í ṣe wáráńtì nìkan ló wà nídìí ẹ̀.

Bàbá, ẹ ka lẹ́tà yìí sókè fún Màmá. Tí ẹ bá kà á tán, kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni nílé tó sọ ọ́ fún mi.

Hamdalah.